Abẹ̀bẹ̀ Mẹ́rin tí Yẹ̀kínnì Gbẹ́

Tí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò wọn ní Muṣin pé kí ni iṣẹ́ Rùkáyàt, ọmọ Yẹ̀kínnì Káfíńtà, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan á ní ó ń ta fáànù. Òmíràn á ní ó ń fi kọ̀ǹpútà wo ojú ọjọ́. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wọn tilẹ̀ máa ń bi í pé ṣé òjò á rọ̀ lónìí, bó bá sì ní òun kò mọ̀, ìyá náà á mi orí, á ní gbogbo ìwé tí ọmọ yìí kà ní Yábàá, ibo ló wá wọlé sí. Rùkáyàt kì í bá wọn jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ṣòroó ṣàlàyé fún ẹni tó wà lórí ìdúró.

Iṣẹ́ náà rèé. Dúróònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, abẹ̀bẹ̀ ló ń gbé e. Mẹ́rin ni abẹ̀bẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́, ẹ̀ńjìnnì kékeré kọ̀ọ̀kan ló sì ń yí wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó de abẹ̀bẹ̀ tuntun mọ́ ẹ̀ńjìnnì, Rùkáyàt ni yóò ti sọ ohun tí yóò ṣe: ẹrù tó lè gbé, bí bátìrì yóò ṣe pẹ́ tó, ibi tí agbára rẹ̀ yóò ti tán. Á fi ojú inú gé abẹ̀bẹ̀ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti ìdí dé ṣóńṣó, á bi ègé kọ̀ọ̀kan pé báwo lo ṣe ń sáré tó, báwo lo ṣe dagun sí atẹ́gùn, báwo lo ṣe nípọn sí, á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ nípa bàálù ńlá kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ lára bàálù, ńṣe ló ki lára ohun kékeré. Ẹni tó bá ti rí eṣinṣin tó já sínú ògì rí ti mọ ohun tí mò ń sọ. Bí etí abẹ̀bẹ̀ kékeré bá fi díẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, díẹ̀ tí ojú lásán kò rí, iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tó wà kò ju yàrá méjì lọ, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn ọjà Tejúoṣó ní Yábàá. Akínọlá ló ni ín, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn tí ara rẹ̀ kì í sì balẹ̀. Rosaline ló ń darí dúróònù bó bá ti wà lókè. Rùkáyàt ló ń ṣírò. Òfin kan wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: dúróònù kankan kò gbọdọ̀ gbéra àfi tí Rùkáyàt bá ní ó yá. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, ohun tó bá sọ pé abẹ̀bẹ̀ á ṣe náà ni abẹ̀bẹ̀ ń ṣe. Kò ní ọkọ, kò ní ilẹ̀, kò sì ní nǹkan mìíràn tó lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Orúkọ ẹni tí ìṣirò rẹ̀ kì í yẹ̀ ló ní láyé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ló ń dù lásìkò tí mò ń sọ yìí. Bàbá rẹ̀ ló ń dù.

Nígbà tí ọwọ́ Yẹ̀kínnì ṣì gbóná, kò sí ìyàwó tuntun ní gbogbo ẹ̀bá Ojúwòyè tí kò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, bẹ́ẹ̀dì tó kàn ni mo wí. Ó ní àṣà kan tó jogún lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́: ohunkóhun kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tún fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ku ọ̀la kí oníǹkan wá gbé e. Á fi sáńpépà ra gbogbo etí rẹ̀ kó má baà gé ọmọ ẹlẹ́ni lọ́wọ́, á sì tún kùn ún ní fánìṣì lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ ti kùn ún tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ìdágbére ló ń pè é. Kì í sọ fún oníbàárà, kì í sì gba nǹkan lé e. Á ní bí ẹ bá ń sin ọmọ lọ sílé ọkọ, ẹ ò ní fi ìpara pa á lára ni? Inú òórùn fánìṣì ìdágbére yìí ni Rùkáyàt dàgbà sí. Láti kékeré, bó bá ti gbóòórùn rẹ̀ ló ti mọ̀ pé nǹkan máa kúrò nílé lọ́la.

Lẹ́yìn náà ni àga òkè òkun gba ìgboro, tí àwọn ènìyàn kò fi ẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mọ́. Àìsàn mú ìyá Rùkáyàt lọ. Ojú Yẹ̀kínnì pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, àwọn dókítà sì sọ fún un pé ohun tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà wá. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga kan nínú pálọ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò sì fẹ́ẹ́ dìde mọ́. Oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un láàárọ̀ ni wọ́n ń gbé kúrò nírọ̀lẹ́.

Bí Rùkáyàt bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ díẹ̀," á ní, "Kí n jẹ ẹ́ kí n fi ṣe kí ni?"

Kì í fi ìbínú sọ ọ́, ńṣe ló ń bèèrè. Rùkáyàt a sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á débi pé bó bá wà níbi iṣẹ́, tí fóònù rẹ̀ bá dún, àyà rẹ̀ á já kó tó wo ẹni tó ń pè. Ó ti sin ìyá. Ó wá ń wo bàbá bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ lórí àga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Ibi tí ó ti ń ronú lọ ronú bọ̀ ni Akínọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ̀bẹ̀ tó gùn tó sì fúyẹ́, èyí tó lè gbé àpótí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn sọdá ọ̀sà lọ bá àwọn tó ń gbé lórí omi. Àwọn oníke tí wọ́n rà, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ bí ẹrù bá ti wọ̀ wọ́n lára. Rùkáyàt ṣírò títí, ó rí i pé igi lè ṣe é. Ó ya abẹ̀bẹ̀ náà sórí pátákó pẹlẹbẹ, ó gé e bó ṣe yẹ kó rí, ó sì gbé e lé bàbá rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ pẹ̀lú ègé igi àfàrà kan.

"Bàbá, ẹ bá mi gbẹ́ èyí," ló wí. "Mi ò mọ ẹlòmíràn tó lè gbẹ́ ẹ."

Yẹ̀kínnì fi àtàǹpàkò tọ etí pátákó náà lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Etí ẹ̀yìn yìí tín-ín-rín jù."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, sà."

"Bí èékánná ọmọ tuntun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n bá òun wá ìfági òun. Ó ba èyí àkọ́kọ́ jẹ́, ó ba ìkejì jẹ́, ó bú ara rẹ̀, ó bú igi, ó bú ẹni tó gbin igi. Rùkáyàt fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀ nígbà tó gbọ́ èébú náà. Ìka ọwọ́ ló fi ń ríran báyìí, ọwọ́ náà kò sì gbàgbé iṣẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ yọrí, ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù láì kùn ún, ó ní òun á máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó wá gbẹ́ mẹ́rin mìíràn tó jọra bí ìbejì. Nígbà tí Rùkáyàt gbé wọn lọ sí Yábàá tí wọ́n yí wọn lórí ẹ̀rọ ìdánwò, ẹrù tó sọ pé wọ́n á gbé náà ni wọ́n gbé. Akínọlá jó láàárín yàrá títí tó fi da tíì sórí tábìlì.

Rùkáyàt sáré wálé lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Yẹ̀kínnì gbọ́ ọ tán, ó bèèrè pé ṣé àkàrà ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá ìsàlẹ̀ yẹn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sùn lóru tó sì ń jí láàárọ̀ bí ènìyàn. Ó gbá ṣọ́ọ̀bù, ó pọ́n irinṣẹ́, ó ń bèèrè pé mélòó ni wọ́n á fẹ́ tẹ̀ lé èyí. Akínọlá ti ní bí àwọn àlejò láti ilé ìwòsàn tó wà lókè odò bá wá, tí wọ́n rí i pé ó gbé ẹrù, Bàbá ni yóò máa gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Rùkáyàt mọ ohun tó túmọ̀ sí bí kò bá gbé e.

Ó ku ọ̀la kí àlejò dé ni inú dídùn kó sí i lórí. Ó ní kí Bàbá kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí àwọn káfíńtà àtijọ́ ti máa ń ṣe sí abẹ́ àga. Ìdí abẹ̀bẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ gidi kan, ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kò pa á lára. Ó kó wọn wá sílé láti Yábàá, ó kó wọn lé e lọ́wọ́, ó sì padà lọ tún bátìrì ṣe. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, Yẹ̀kínnì ti múra kí Rùkáyàt tó jí. Ó wọ bùbá aláró tó fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dé fìlà, ó sì di abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìborùn ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n háyà Màrúwá kan, ó di Sùúrùlérè. Wọn kò tíì dé Ojúẹlẹ́gba tí òórùn kan fi fẹ́ kan Rùkáyàt nímú. Ó kọ́kọ́ rò pé láti ìgboro ni. Ó tún fẹ́ kàn án.

"Bàbá, kí lẹ fi kùn ún?"

"Ọwọ́ ìdágbére ni," ni Yẹ̀kínnì wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé kí n jẹ́ kó jáde ní ìhòhò lójú àlejò ni? Mo sì ti ra etí ẹ̀yìn yẹn. Ó mú jù, Rùkáyàt. Ṣebí o ní àwọn ọmọ ilé ìwé máa wà níbẹ̀."

Rùkáyàt tú ìborùn náà. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán, ó dán tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè wo ojú nínú rẹ̀. Ó fi ìka tọ etí ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́. Ibi tó tín-ín-rín bí èékánná ti rí roboto, ó sì ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ bí etí tábìlì tí wọ́n ṣe fún ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Ó tọ ìkejì, ó tọ ìkẹta. Ọkùnrin tó mọṣẹ́ ni, kò fo ọ̀kankan.

"Ṣé ó dára?" ni bàbá rẹ̀ bèèrè.

"Ó dára gan-an ni, Bàbá."

Pápá ilé ìwé kan ni wọ́n ti fẹ́ fò ó. Wọ́n ti tẹ́ àga sábẹ́ igi fún àwọn àlejò, àwọn ọmọ ilé ìwé tò sórí ìlà lápá kejì. Akínọlá ti rọ omi zóbò kún àpò ẹ̀jẹ̀, ó ti dì wọ́n sínú àpótí, kí ó lè jọ ojúlówó lójú wọn. Ó gba Yẹ̀kínnì lọ́wọ́ Rùkáyàt, ó mú un lọ jókòó láàárín àwọn àlejò, ó sì ń kígbe orúkọ rẹ̀ fún wọn bí ẹni ń ki ọba. Rùkáyàt lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wọn nínípọn etí abẹ̀bẹ̀ lójú ibi gbogbo, ó sì fi ìwọ̀n tuntun sí i.

Ohun tó jáde kò ní ìtumọ̀ méjì. Agbára tó fi ń gbé nǹkan ti dínkù, ohun tó ń fà á sẹ́yìn ti pọ̀ sí i. Pẹ̀lú àpótí lára, dúróònù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo agbára rẹ̀ kó tó dúró lójú kan. Bó bá fẹ́ yí, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ lù ú, kò ní sí ohun tó kù tí yóò fi gbé ara rẹ̀. Rùkáyàt tún un ṣe. Ohun kan náà ló jáde. Kò sì sí abẹ̀bẹ̀ mìíràn, igi tí sáńpépà sì ti jẹ, ẹnikẹ́ni kò lè dá a padà. Ó fi ìborùn ìyá rẹ̀ bo ẹnu kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó lọ fa Akínọlá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ẹrù kúrò lára ẹ̀."

"Yọ ẹrù kẹ̀? Rùkáyàt, ẹrù yẹn ni wọ́n wá wò."

"Ìṣirò mi ló ṣì. Mo tún un ṣe báyìí ni."

"Ìṣirò tó bá ẹ̀rọ mu lójú mi?" Akínọlá wò ó dáadáa. "Ìwọ tí o kì í ṣì í. Jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ṣé nǹkan ṣe abẹ̀bẹ̀ yẹn ni?"

Ẹ wò ó, ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni: Bàbá mi ra etí rẹ̀. Akínọlá ìbá gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ìbá wá ọgbọ́n dá fún àwọn àlejò, gbogbo wọn ìbá lọ sílé wọn. Rùkáyàt yíjú sí abẹ́ igi. Yẹ̀kínnì ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún obìnrin dókítà kan bí wọ́n ṣe ń mọ igi tó gbẹ, obìnrin náà sì ti tẹ̀ sí i, ó ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni kò rí i kó sọ̀rọ̀ tó báyẹn rí. Rùkáyàt rí àga tó wà nínú pálọ̀, ó rí àwo tí wọ́n ń gbé kúrò láì jẹ.

"Nǹkan kan ò ṣe é," ló wí. "Èmi ni mo ṣì í."

"Ó dáa. Ká dán an wò nílẹ̀ níbí, kí ọkàn ẹ balẹ̀."

Rosaline gbé dúróònù náà sókè díẹ̀ pẹ̀lú àpótí lára, kò ju orúnkún ènìyàn lọ. Ó dúró síbẹ̀ geerege. Àwọn ọmọ ilé ìwé pàtẹ́wọ́. Akínọlá ní, "Ṣé o rí i báyìí?" Rùkáyàt rí i, ó sì mọ ohun tó ń rí. Bí abẹ̀bẹ̀ bá sún mọ́ ilẹ̀ báyẹn, afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sísàlẹ̀ kì í rí ibi sá lọ, ńṣe ni yóò máa tì í lẹ́yìn. Ilẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá ti gòkè tí kò rí ilẹ̀ fẹ̀yìn tì mọ́, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ yóò ti tán. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Akínọlá ti yí padà sí àwọn àlejò.

Rosaline sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí Rùkáyàt, ojú yín ò dáa. Ṣé kí n gbé e àbí kí n má gbé e?"

"Ká kó àwọn ọmọ kúrò ní ìta ná," ni Rùkáyàt wí. "Má gbé e gba orí ilé o. Apá ibi tí kò sí ènìyàn yẹn ni kó o gbé e gbà."

Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ bẹ olùkọ́ kí ó kó wọn wọ inú kíláàsì. Ó ti àwọn tó ń pẹ́ lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òmíràn. Nígbà tí pápá dá, gbogbo ojú wá wà lára rẹ̀, nítorí àwọn tó kù mọ òfin ilé iṣẹ́ wọn.

"Rùkáyàt," ni Akínọlá wí, ẹ̀rín ti tán ní ẹnu rẹ̀, "ó yá àbí kò yá?"

Lábẹ́ igi, Yẹ̀kínnì gbé orí sókè, ó yí etí sí ọ̀nà ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ máa ti wá.

Ẹni tó ti ń fi ìṣirò jẹun láti ọjọ́ yìí wá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbàdúrà pé kí ìṣirò òun má ṣẹ. Ó pe Ọlọ́run, ó pe ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ó yá."

Dúróònù gbéra. Ó kọjá òkè fèrèsé, ó kọjá òrùlé, àwọn àlejò sì gbé ojú sókè tẹ̀ lé e. Rosaline ní kó yí. Bó ṣe fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ báyìí ni atẹ́gùn fẹ́ wá láti ìhà títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Rosaline ti agbára rẹ̀ lọ sókè títí kò fi kù mọ́, àwọn ẹ̀ńjìnnì náà ń ké. Ó wálẹ̀ jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó wá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà sẹ́bàá òpó góòlù. Igi fọ́. Àpótí là, omi pupa sì tú sórí iyanrìn, àwọn ọmọ tó ń wò láti fèrèsé pariwo.

Bó ṣe ṣírò rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe rí, ibi tó ní agbára á ti tán ló ti tán. Kò ṣì í.

"Kí ló já?" ni Yẹ̀kínnì ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, kí ló já yẹn?"

Rùkáyàt rìn lọ bá wọn, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ìṣirò mi ló ṣì. Iṣẹ́ bàbá mi kò ní àbùkù kankan."

Akínọlá kò pariwo, ìbá sàn kó pariwo. "O sọ fún mi," ló wí. "O sọ fún mi pé o ṣì í, o tún wá ní ó yá. Tí àwọn ọmọ yẹn bá wà níta ńkọ́? Má wá sí Yábàá lọ́la, Rùkáyàt. Má wá mọ́."

Ohun tó tẹ̀ lé e ni Rùkáyàt kò lè gbàgbé. Bàbá rẹ̀ tọ ohùn Akínọlá lọ, ó bọ́ fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn, tòun ti bùbá aláró. "Ẹ má lé e," ló ń wí. "Ọmọdé ni. Ẹ bá mi dárí jì í. Igi ni èmi mọ̀, n kò mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ náà ń gbìyànjú." Akínọlá fò sẹ́yìn, ó ń fa àgbàlagbà dìde, ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Àwọn àlejò ń wo ilẹ̀. Rùkáyàt dúró, ó ń wò ó.

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Yẹ̀kínnì ní kí wọ́n kó àfọ́kù abẹ̀bẹ̀ náà fún òun. Ó dì wọ́n sínú ìborùn, ó gbé wọn lé orí ẹsẹ̀ nínú Màrúwá, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìtùnú títí wọ́n fi dé Muṣin. Ó ní iṣẹ́ mìíràn á wá. Ó ní àṣìṣe kì í pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gún Rùkáyàt lára.

Nígbà tí wọ́n délé, kò wọ pálọ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Rùkáyàt bá a níbẹ̀ lórí àpótí ìjókòó, oòrùn ọ̀sán ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Abẹ̀bẹ̀ àpẹẹrẹ tí kò kùn wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Àfọ́kù kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ń fi àtàǹpàkò tọ etí èyí, ó ń tọ etí tọ̀hún, ó tún ń padà sí ti àkọ́kọ́.

"Rùkáyàt."

"Sà."

"Ta ló ṣì í?"

Rùkáyàt wo abẹ̀bẹ̀ méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí," ni Yẹ̀kínnì wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lórúkọ rẹ. O sì dúró, ò ń wò mí."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ padà sórí àga yẹn, Bàbá." Ẹkún gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ̀yin náà ń kú lọ lójú mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́."

Bàbá náà tún fi àtàǹpàkò tọ etí àfọ́kù náà. "O ṣírò atẹ́gùn," ló wí nígbẹ̀yìn. "O ṣírò bátìrì, o ṣírò ẹrù. O kò ṣírò mi. Inú ilé mi lo dàgbà sí. Ìgbà wo lo rí i tí nǹkan jáde lọ́wọ́ mi láìsí ọwọ́ ìdágbére?"

Rùkáyàt jókòó sílẹ̀ nínú èérún igi, ó sun ẹkún tó ti ń pa mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò pẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri, ó wọlé lọ. Rùkáyàt gbọ́ bí àga pálọ̀ ṣe ké nígbà tó jókòó lé e, ó sì mọ ọ̀nà tí ó kọjú sí. Ó rò ó pé ó ti parí nìyẹn. Iṣẹ́ ti lọ, orúkọ ti lọ, bàbá náà sì ti padà síbi tó ti fà á dìde.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, ó nu ojú, ó wọlé lọ bá a. Yẹ̀kínnì mú àfọ́kù kan dání, ibi ìdí abẹ̀bẹ̀, ó ń fi ìka ka ohun tó fín síbẹ̀.

"Orúkọ ta ló wà níbí?"

"Orúkọ yín, Bàbá."

"Ṣé tìrẹ wà níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Wàá mú mi lọ sí Yábàá lọ́la. Èmi ni màá sọ ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́ fún ọkùnrin yẹn."

"Ó lè má gbà wá mọ́, Bàbá. Ó ní kí n má wá mọ́."

"Kó má gbà wá. Iṣẹ́ tí mo bà jẹ́, orúkọ ọmọ mi kò ní wà lára rẹ̀." Ó gbé àfọ́kù náà sílẹ̀ lórí apá àga. "Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lo ní ilé iṣẹ́ yẹn wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ga díẹ̀."

"Nígbà náà, gbé oúnjẹ wá."